Fọ́tò Tó Ń Padà Wá Láràárọ̀

Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ òsì, etí yẹ̀rì rẹ̀ tutù rinrin, ṣùgbọ́n ìbòrí aláwọ̀ ìyeyè tó wé mọ́ orí gbẹ tónítóní, àfi bí ẹni pé omi bọ̀wọ̀ fún un. Báyìí ni Khalimah ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ní àárọ̀ ọjọ́ tí omi òkun tún gun ìgboro Pekalongan, tó kún títì láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí títí dé ojúde àwọn aláró. Ó wo àwọn tó jókòó nínú yàrá, ó ní:

“Ta ló ń ṣàkóso ojú àwọn èèyàn níbí?”

Èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Yoyok, tí kì í gbọ́ ìbéèrè kó má dáhùn. Èkejì ni Pambudi, ọmọ òkè Wonosobo, ọkùnrin tó máa ń ro ọ̀rọ̀ títí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á fi gbàgbé ohun tó béèrè.

“Òun nìyẹn, Mbak,” ni Yoyok wí, bí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ pe obìnrin níbẹ̀. “Bí ẹ bá fẹ́ imú tuntun, òun ni kí ẹ bẹ̀. Èmi ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn.”

Ilé-iṣẹ́ aṣọ bátíìkì ni ibi tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ń fi ìda àti aró ṣe aṣọ nísàlẹ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn ará ìlú òkèèrè lókè, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì ń lọ láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, inú Pendopo ló ń gbà. Pendopo ni orúkọ tí wọ́n fún gbàgede orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ti ń ránṣẹ́, tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó bá sọ ohunkóhun níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ á yọ nínú òbìrí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Fọ́tò káàdì ilé-iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n yà fún un nígbà tó wọṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kò lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Ọwọ́ Pambudi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

“Mas,” ni Khalimah wí fún un, bí wọ́n ti ń pe ọkùnrin, “fọ́tò mi tó wà ní Pendopo, mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́.”

“Kí ló ṣe é?”

“Orí mi wà ní ṣíṣí nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n yà á. Láti ìgbà tí mo ti ń borí, kò sí ẹni tó tún rí irun mi lóde, àfi ẹni tó bá ṣí Pendopo. Bí mo bá ní ‘ẹ káàárọ̀’ lásán fún oníbàárà, irun náà á bá a jáde.”

“Ṣé bàbá yín ló ní kí ẹ borí ni?” Bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu Pambudi ló ti fẹ́ kó padà.

“Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo wé e, mo wo dígí, mo sì rí i pé èmi nìyí. Àbí ó yẹ kí n ti wá gba àṣẹ ìyẹn náà lọ́wọ́ yín?”

Yoyok fi ìwé bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú, Mbak. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́.”

“Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ má wò ó.”

“Bí n kò bá wò ó, báwo ni n ó ṣe yọ ọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ẹ wá ọgbọ́n sí i.”

Pambudi ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó fi bo ibi tí òbìrí kékeré náà yóò ti yọ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.

“Mo ti yọ ọ́. N kò wò ó.”

“Mo rí yín,” ni Khalimah wí. Ó tẹjú mọ́ ọn díẹ̀ sí i ju bí ọ̀rọ̀ náà ti béèrè lọ. “Ẹ ti fi ọwọ́ dọ̀tí gíláàsì yín. Ẹ ṣeun, Mas.”

Ó lọ, ipa ẹsẹ̀ tútù sì ń tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ títí dé orí àtẹ̀gùn. Yoyok wo ilẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ṣé kí n nu omi yìí,” ó ní, “àbí o ṣì ń kà á lọ?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fọ́tò náà ti padà.

Bí Pambudi ti rí i ló ti mọ ohun tó fà á. Pendopo kò ní fọ́tò tirẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé tán, Pendopo á lọ sínú àká ọ̀dọ̀ Bu Ratmi, ìyẹn Ìyá Ratmi, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, á da gbogbo fọ́tò káàdì tó wà níbẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí èèyàn bá yọ lọ́sàn-án, òru á dá a padà. Kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa fi abọ́ gbọ́n omi òkun kúrò ní títì.

Bu Ratmi kì í pariwo. Ó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó máa ń mu tíì olódòdó tó ń ta sánsán, ó sì máa ń sọ “rárá” bí ẹni ń sọ “ẹ jókòó.” Ó ní kí Pambudi mú fọ́tò tuntun wá kó sì rí i pé ó bá ìlànà káàdì mu.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù, níbi tí ògiri ti funfun, ni Pambudi ti ya Khalimah.

“Mas, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí èmi náà lè rẹ́rìn-ín. Ẹ le ojú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn.”

“Fọ́tò káàdì ni, Mbak. Wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Òfin ni.”

“Òfin náà kò tíì rí eyín mi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, Pambudi ń wo eyín náà dípò kámẹ́rà, fọ́tò àkọ́kọ́ sì bàjẹ́. Èkejì dára. Ó jókòó tì í lẹ́yìn náà, ó wò ó ju bó ti yẹ lọ, nítorí èyí ni ẹni tó ni ín gbà kí wọ́n wò. Ó wá ku kó kun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jáfà, ọmọ ilé-ìwé mọ èyí: ẹni tí wọ́n bí ní ọdún tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, búlúù ni ẹ̀yìn fọ́tò káàdì rẹ̀, ẹni tí ọdún tirẹ̀ bá ṣẹ́ ọ̀kan kù, pupa ni. Ọdún pupa ni wọ́n bí Pambudi. Ọdún búlúù ni wọ́n bí Khalimah. Pambudi, tí ọkàn rẹ̀ ti lọ síbi eyín, kun gbogbo rẹ̀ ní pupa bí ẹni tó ń kun tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Bu Ratmi, ó sì kọ̀wé sí Khalimah lẹ́sẹ̀ kan náà pé: “Ó ti parí, Mbak. Ẹ kò ní rí ti àtijọ́ yẹn mọ́.”

Tíì kò tíì tutù lórí tábìlì rẹ̀ tí Bu Ratmi fi pè é.

“Pambudi, ọdún wo ni wọ́n bí ọmọ yìí?”

Ó wò ó. Ọdún búlúù ni.

“Pupa lo fi sí i lẹ́yìn. Ṣé o fẹ́ tún ọmọ ọlọ́mọ bí ni?”

“Àṣìṣe ni, Bu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di búlúù kíákíá.”

“Rárá. Bí mo bá gba èyí tí ẹ lọ yà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni yóò máa ya tirẹ̀ wá. Ayafọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Bó bá ń kán ọmọ náà lójú, kó wá bá mi fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ojú.”

Ohun tó kù kò pọ̀. Kí Pambudi gun àtẹ̀gùn, kó ní, “Mo ṣàṣìṣe àwọ̀, ẹ lọ rí Bu Ratmi,” kó sì padà sísàlẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn náà lóòótọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn tó ń kọ̀wé sí oníbàárà, ó sì gbọ́ ohùn Khalimah nínú ilé: “Kò ju àárọ̀ kan lọ! Ọkùnrin tó bá ní òun á ṣe nǹkan, tó sì ṣe é, ẹ wá rí i o.” Àwọn obìnrin yòókù ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Pambudi dúró. Ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó sọ fọ́tò náà di búlúù. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó wọlé, ó na àtẹ́lẹwọ́ bo gíláàsì, ó yọ ti àtijọ́, ó sì fi tuntun sí i. Ọjọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Inú ọ́fíìsì nìkan ni kọ́kọ́rọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè ti ilé ṣe é. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ń fi ọwọ́ bò ó síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Khalimah fi ṣàkíyèsí pé iná yàrá kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ tàn nínú ilé náà. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí tètè dé, pẹ̀lú ìrẹsì àti megono, èso tútù gígé tí wọ́n fi àgbọn sè, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Mas, kí ló ń lé yín kúrò lórí ibùsùn báyìí?”

“Afẹ́fẹ́ àárọ̀ dára fún ẹ̀rọ.”

“Ẹ̀rọ ló ń mí, àbí ẹ̀yin?”

“Àwa méjèèjì.”

“Ẹ jẹun, ó jọ pé ẹ̀rọ ti yó.”

Ó jẹun. Ó ń jẹ ẹ́ láràárọ̀, ó sì ń dun ún díẹ̀ bí wọ́n ti ń yìn ín fún iṣẹ́ tí kò parí. Ṣùgbọ́n megono náà dùn, Khalimah sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lọ́jọ́ kan ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará òkè máa ń wọ aṣọ òtútù lọ sí etí òkun. Lọ́jọ́ kejì, Pambudi wọ ọ́ wá ní tòótọ́, òógùn ń ṣàn ní ojú rẹ̀, Khalimah sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà kó máa pe òun ní Dik Imah, bí ọkùnrin ti ń pe ọmọbìnrin tó bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

“Òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gba yàrá yìí kan,” ni Yoyok wí. “Èmi ń béèrè nítorí ikùn mi ni o: ìgbà wo ni ìrẹsì ìgbéyàwó?”

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n ń rìn lọ ní etí odò Loji, Khalimah sì dúró láti wo ọkọ̀ àwọn apẹja.

“Bàbá mi fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ ìrẹsì òun.”

“Ìrẹsì wọn kẹ̀?”

“Owó wọn ni mo fi ń rà á. Wọ́n ní ó ti tó kí wọ́n rí ẹnu náà.”

Pak Kaji ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Oníbátíìkì ni, irú àwọn tó ń fi òǹtẹ̀ bàbà tẹ ìda gbígbóná sára aṣọ. Aṣọ tútù gba àgbàlá rẹ̀ láti igun dé igun. Ó bu tíì fún Pambudi, ó sì ń wò ó.

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?”

“Bàbá, èmi ló ń pinnu ẹni tó lè yí nǹkan padà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, àti ẹni tí kò lè yí i.”

“Ó dáa. Ta ló wá ń pinnu tìẹ?”

Pambudi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Pak Kaji kò ṣe ẹ̀fẹ̀.

“Imah ní o bá òun yanjú ọ̀rọ̀ kan wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ó ní o kì í parọ́. Mo ní kó mú ọ wá, kí n fi ojú ara mi rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.”

Khalimah wà níbẹ̀, ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Àyè náà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Pambudi láti sọ̀rọ̀. Ó gbé ife tíì, ó mu ún kó tó tutù, ó sì fi jó ahọ́n. Nígbà tó ń lọ, Pak Kaji sọ fún un pé àwọn ará ilé rẹ̀ lè wá tọrọ ọmọ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe fọ́tò ni Pambudi ń tọ́jú mọ́. Ó mọ̀ pé bí Khalimah bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, òun ti pàdánù rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun lè pàdánù rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Nítorí náà ló ń retí ayafọ́tò bí àgbẹ̀ ti ń retí òjò. Bí ayafọ́tò bá ti dé, tó ya gbogbo ilé-iṣẹ́, irọ́ náà á di òótọ́ fúnra rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé.

Àárín oṣù ààwẹ̀ ni ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú ní oko ọ̀dùnkún ní Wonosobo. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra lẹ́yìn sààrì ló wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń bá àwọn oníbàárà òkè òkun ṣèpàdé nínú Pendopo. Gbogbo àwọn ọ̀gá wà ní gbọ̀ngàn, níbi tí àwòrán ti ń tóbi lórí ògiri. Khalimah jókòó sí tábìlì tirẹ̀ lókè, òun ni yóò sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tó fẹ́ gbéra. Òjò ń rọ̀, ìtàkùn ayélujára ń fà, ó sì pa kámẹ́rà kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kámẹ́rà ti kú, fọ́tò rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ó rí i níwájú ara rẹ̀, ó sì mọ bó ti tóbi tó ní gbọ̀ngàn: ọmọdébìnrin kan tí irun rẹ̀ tú dé èjìká, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ó sọ irú aṣọ, ó sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra, ó dáhùn ìbéèrè. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ Bu Ratmi.

“Kò sọ fún ọ ni?” Bu Ratmi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Wọn kò fìgbà kankan pààrọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ tó fi sí i kò tọ̀nà. Mo ní kó sọ fún ọ pé kí o wá bá mi.”

Yoyok ló pe Pambudi lórí fóònù. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó wú ló wà lórí itan rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ.

“Ọ̀rẹ́ mi, fọ́tò yẹn jáde sórí ògiri.”

Pambudi rọra gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí.

“Ṣé o wà níbẹ̀? Mo ti bá ọ ṣàlàyé o. Mo ní láràárọ̀ lò ń dìde nítorí rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á rọ̀. Kò rọ̀.”

Nígbà tó padà dé, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti pàdé.

“Ṣé ìyá yín ti gbádùn, Mas?”

“Wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.”

“Ọlọ́run ṣeun.” Ó di irin àtẹ̀gùn mú. “Ẹ kọ̀wé sí mi pé ó ti parí.”

“Mo ṣàṣìṣe, ojú sì tì mí. Mo ń fi ọwọ́ bò ó, Dik Imah. Mi ò wò ó rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Èyí tí mo mọ̀ ni pé ẹ parọ́.” Kò gbé ohùn sókè. “Bó bá jẹ́ ti irun nìkan ni, màá ti gbàgbé. Àwọn tó rí i ti rí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ẹnu mi sọ fún bàbá mi pé ẹ kì í parọ́. Ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ ń mu tíì, ẹ jẹ́ kí n parọ́ fún bàbá mi.”

Ó gòkè lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún tètè dé mọ́.

Pambudi kò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i. Kì í ṣe pé ó gbọ́n. Kò mọ ohun tí yóò kọ ni. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka jókòó ìpàdé wọn, ó dìde láàárín wọn.

“Ó pẹ́ tí mo ti ń yí fọ́tò òṣìṣẹ́ kan padà láìgbàṣẹ,” ó ní. “Bu Ratmi ti ní rárá. Mo ń ṣe é láràárọ̀ síbẹ̀.”

Bu Ratmi wò ó. “Kí ló dé tí o fi ń sọ ọ́? Kò sí ẹni tó bi ọ́.”

“Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn, Bu. Nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́, kò sí ẹni tó bi mí nígbà náà náà.” Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí kálukú máa yan fọ́tò tirẹ̀. Kì í ṣe èmi ló ni ojú wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá béèrè ojú ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi.”

“Wọ́n á gbé fọ́tò ológbò síbẹ̀.”

“Ológbò mi dára ju fọ́tò káàdì mi lọ, Bu,” ni Yoyok wí láti ẹ̀yìn, “ẹ̀yin náà sì mọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú wọn fi ẹ̀rín náà tú ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn wọn sílẹ̀. Ọkùnrin aláró kan ti rù lẹ́yìn àìsàn, àwọn oníbàárà kò sì dá a mọ̀ mọ́ nínú fọ́tò rẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn náà wà bíi Khalimah, tí wọn kò mọ ẹni tí wọn ó bá sọ ọ́. Wọ́n fà á síwá sẹ́yìn. Níkẹyìn Bu Ratmi ní ó dára: kálukú lè pààrọ̀ tirẹ̀, bó bá ti jẹ́ ojú èèyàn, òun yóò sì wò ó kó tó jáde. Pendopo kò ní lọ sínú àká òun mọ́.

“Ní ti ìwọ,” ó sọ fún Pambudi, “ẹni tó ń ṣe ohun tí mo ní kó má ṣe kò lè di kọ́kọ́rọ́ mú. Yoyok ni yóò gbà á. Ìwọ á lọ máa tún wáyà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe nísàlẹ̀.”

Pambudi kó ife tíì rẹ̀ àti aṣọ òtútù rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, sáàárín òórùn ìda. Awakọ̀ àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ lo àṣẹ tuntun náà: ó gbé fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ síbẹ̀, irun dúdú kìjikìji lórí, Bu Ratmi sì dá a padà fún un. Khalimah fi tirẹ̀ síbẹ̀ láìwí fún ẹnikẹ́ni.

Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ parí nígbà tí Pambudi lọ sí àgbàlá Pak Kaji. Oòrùn ti rẹlẹ̀. Bàbá náà ń tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìda, kò sì dáwọ́ dúró.

“Bàbá, mo wá sọ ohun kan fún yín.”

“Imah ti sọ ọ́.”

“Ẹ kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: fọ́tò, àwọ̀ pupa, Bu Ratmi, àárọ̀ gbogbo tó tẹ̀ lé e, tíì tó fi jó ahọ́n nínú àgbàlá yìí gan-an. Kò fi iyọ̀ sí i. Òǹtẹ̀ ń lọ, òǹtẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tó sọ tán, Pak Kaji gbé òǹtẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí aṣọ ńlá kan tó ń gbẹ lórí okùn.

“Ó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn,” ó ní. “Ó ti ń gbọ́ látìgbà tó o ti ń bọ̀ lójúde.”

Khalimah ti ẹ̀yìn aṣọ jáde. Ojú rẹ̀ pupa díẹ̀.

“O fo ibì kan,” ó ní. “O kò sọ pé o dé ẹnu ọ̀nà wa lókè, o sì padà.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Mo rí ẹ. Mo rò pé o wá wò mí lásán ni. Odidi ọjọ́ yẹn ni inú mi fi dùn.” Ó nu ojú. “Bu Ratmi ń bà mí lẹ́rù, Mas. Ká ní o wọlé lọ́jọ́ yẹn tó o sọ ọ́ ni, ǹ bá bú ẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà à bá jọ lọ bá a, à bá jọ máa gbọ̀n níwájú rẹ̀. Ìyẹn ì bá wù mí ju kí n máa gbọ́ pé o ń dá nìkan ṣe mí lóore.”

“Mo mọ̀ ọ́n báyìí.”

“N kò tíì ní ó ti tán o.”

“N kò ní ó ti tán.”

“Bó o bá tún ṣàṣìṣe, ọjọ́ náà gan-an ni kí n gbọ́. Kódà bó bá kéré. Kódà bó bá jẹ́ èyí tí ojú á tì ẹ́.”

“Ọjọ́ náà gan-an,” ni Pambudi wí.

Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀ sí dún láti mọ́ṣáláṣí. Pak Kaji ń wá ife kiri. “Ẹni tí omi bá wà nítòsí rẹ̀ kó bù ú wá,” ó ní. “Ọ̀fun mi ti gbẹ nídìí ọ̀rọ̀ yín.” Wọ́n jókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹní, wọ́n sì fi omi ṣínu.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn ará Wonosobo sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ ọmọ. Wọ́n kó aṣọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso àti wajik, àkàrà ìrẹsì aláyinrín tí wọ́n ń fi ṣúgà ọ̀pẹ sè, kalẹ̀ láàárín ẹní. Ìyá Pambudi ti ń rìn dáadáa. Aṣọ rẹ̀ tó dára jù ló wọ̀. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ, ó gùn, ó sì dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Khalimah pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó gbà.

Khalimah gbójú sókè wo Pambudi, níwájú gbogbo ìdílé.

“Mas, ṣé ohun kan wà tó o kò tíì sọ fún mi?”

Pambudi wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé rárá, rárá, ó sì ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

“Ó wà,” ni Pambudi wí. “Wajik yẹn kì í ṣe èyí tí ìyá mi sè. Tiwa já bọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Bawang, ewúrẹ́ sì jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì la ti ra èyí.”

“Pambudi!” Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Pak Kaji, tó ti yọ́ ọ̀kan sẹ́nu kí àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ tán, dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó rò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ lọ.

Khalimah ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní láti mí kanlẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde.

“Mo gbà,” ó ní.

Pak Kaji, tí ẹnu rẹ̀ ṣì kún, gbé ọwọ́ sókè pé òun náà gbà.